Lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà àti ọ̀rọ̀ àyíká: bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìmọ̀ yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, tó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán tàbí tó ń sìn ín lọ́wọ́, tó wá fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì nínú ẹ̀ka kan tí àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa: lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tó dá lórí ilẹ̀, omi, igi, ẹranko àti ojú ọjọ́. Ó wà pẹ̀lú fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní Àjàyí Crowther ní Ọ̀yọ́, ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní agbègbè wa, tí wọ́n gbé lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà lé lọ́wọ́ pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ, tí kò sì tíì mọ ibi tí ìwádìí tirẹ̀ máa gbà.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìwé Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nílé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbéèrè lọ́wọ́ tí ẹni tó wà ní Boston kò lè ní, ìbéèrè yẹn ló sì máa mú kí wọ́n wá a. Ohun tí mo ní í sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ṣe é ló gùn.

Ìwé ló kọ́kọ́ kàn

Ẹ má fi tíọ́rì bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí àwọn ọmọ tó mọ orúkọ onímọ̀ ogún, tí wọn ò tíì ka ìwé kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ náà ń jiyàn lé lórí. Ẹ mú ìwé mẹ́ta péré, kí ẹ sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́ ni *Walden* tí Henry David Thoreau tẹ̀ jáde ní 1854. Ọkùnrin yìí lọ kọ́ ilé kékeré kan sí etí adágún omi nítòsí Concord ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì gbé ibẹ̀ láti 1845 sí 1847. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àlá ló ń lá létí omi. Ẹ kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé ìṣirò ló kún inú rẹ̀: iye tí pákó ná an, iye tí ìṣó ná an, iye tó rí lórí ẹ̀wà tó gbìn. Ó ní dọ́là 28 àti díẹ̀ ni gbogbo ilé náà ná òun. Ọmọ àgbẹ̀ kò ní ṣàì mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni *Silent Spring* ti Rachel Carson, 1962. Onímọ̀ ẹ̀dá inú omi ni obìnrin yìí, ó sì kọ̀wé lórí DDT àti àwọn oògùn apakòkòrò mìíràn: bí wọ́n ṣe ń wọ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti ara kòkòrò bọ́ sí ara ẹyẹ àti ẹja, bí wọ́n ṣe ń lúgọ sínú ọ̀rá ara tí wọn ò sì lọ. Ní 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de DDT lóko. Ìwé díẹ̀ ló ti yí òfin padà báyìí láyé, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kà á gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀: ẹ wo bí obìnrin náà ṣe to ọ̀rọ̀ jọ tí ará ìlú tí kò mọ kẹ́místìrì fi gbà á gbọ́.

Ìkẹta ni *Their Eyes Were Watching God* ti Zora Neale Hurston, 1937. Ìjì ńlá tó jà ní Florida ní 1928, tó mú kí adágún Okeechobee ya lu àwọn òṣìṣẹ́ oko, ló wà níparí ìwé náà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sin òkú: aláwọ̀ funfun nínú pósí, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n dà pọ̀ sínú kòtò láìsí pósí. Ẹni tó bá ka ojú ìwé yẹn kò ní sọ mọ́ pé ọ̀rọ̀ àyíká kò kan ọ̀rọ̀ ẹni tó lówó àti ẹni tí kò ní.

Bí ẹ bá ti kà wọ́n tán, ẹ wá wo ìtàn ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Kò tíì pẹ́. 1992 ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ àyíká dá ẹgbẹ́ wọn, ASLE, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Jọ́nà wọn, ISLE, bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní 1996, Cheryll Glotfelty àti Harold Fromm kó àwọn àpilẹ̀kọ pàtàkì jọ sínú ìwé kan tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni títí dòní. Níbẹ̀rẹ̀, ìwé àwọn aláwọ̀ funfun nípa òkè àti igbó ni wọ́n ń kà jù. Ó yí padà nígbà tó yá. Rob Nixon gbé ìwé kan jáde ní 2011 lórí ìpalára tí kì í pariwo, èyí tó ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí oníròyìn kankan kò fi ní yọjú síbẹ̀. Ken Saro-Wiwa àti ilẹ̀ Ògóni wà lára ohun tó fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Cajetan Iheka, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ni ní Yale, gbé tirẹ̀ jáde ní 2018 lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà àti àyíká. Nítorí náà, ẹ kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé láti ọ̀dọ̀ wa.

Ìbéèrè tó ti ilẹ̀ yín hù

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọdún 1854 tí *Walden* jáde, ará Amẹ́ríkà mìíràn wà ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín. Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ó tẹ ìwé ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní 1857, ilé iṣẹ́ Smithsonian sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde ní 1858. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, William H. Clarke, rin ilẹ̀ wa láti 1854 sí 1858, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Àtàńdá ló ṣe olóòtú rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1972. Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ orúkọ Bowen, ó wà lára ilé ìwòsàn ńlá tó wà láàárín ìlú. Ajíhìnrere la mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ni, ilẹ̀ wa ló sì kọ̀wé nípa rẹ̀, láyé Thoreau gan-an.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ gbé *Walden* àti ìwé ìrìnàjò Bowen sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má wá gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, bí àpẹẹrẹ, oko. Ẹ kọ gbogbo ibi tí Thoreau ti sọ̀rọ̀ nípa oko ẹ̀wà tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí Bowen ti sọ̀rọ̀ nípa oko àwọn baba wa. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìkọ̀ọ̀kan léèrè: ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ta ló ni ilẹ̀? Èwo nínú igi àti koríko ló dárúkọ, èwo ló fò? Níbo ló ti sọ pé ilẹ̀ ṣófo? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí Bowen dé, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí àwọn tó sá àsálà fi ń wọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti sí ibi tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Bí àlejò bá rí pápá láìsí ènìyàn, ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ọmọ ìlú mọ̀ pé ogun lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó mọ ìtàn abúlé tó wà lójú ọ̀nà tí ọkùnrin náà rìn, ẹ gba ìtàn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí ẹ gbà á.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà, tó rán an wá, yapa kúrò lára ti àríwá ní 1845 nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ojú ẹni tó ti ibi oko òwú àti ẹrú wá ló fi ń wo àgbẹ̀ tó ń ro oko ara rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni ojú yẹn rí? Kí ni kò lè rí? Odindi oyè ọ̀mọ̀wé wà nínú ìbéèrè yẹn.

Àpẹẹrẹ kejì wà ní àríwá Ọ̀yọ́. Ọgbà ìpamọ́ ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, Old Oyo National Park, fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, ọ́fíìsì rẹ̀ àgbà sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ìpamọ́ méjì ni wọ́n pa pọ̀ tó fi di ọgbà náà, ọ̀kan láti 1936, èkejì láti 1941. Lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà kún fún èrò pé ilẹ̀ kan wà tí ọmọ ènìyàn kò fọwọ́ kàn rí, ibi tí a ti ń lọ wẹ ọkàn wa mọ́. Èrò yẹn ló bí ọgbà Yellowstone ní 1872, wọ́n sì ti àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ lè dà bí ohun tí kò lólówó. William Cronon, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1995 tó fi bu èrò yìí wó, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí títí di ìsinsìnyí. Ẹ wá wo tiwa: inú ọgbà náà ni àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú ilẹ̀ ọba, pẹ̀lú ògiri rẹ̀ àti àpáàdì ìkòkò rẹ̀. Igbó tí ẹfọ̀n ń jẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí, ààfin wà níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá àwọn ọdẹ agbègbè náà, tó sì mọ oríkì àwọn Aláàfin, máa ka ìwé Amẹ́ríkà lórí igbó pẹ̀lú etí mìíràn. Ìyẹn ni kí ẹ kọ.

Àpẹẹrẹ kẹta kò ní àlàyé púpọ̀. Carson kọ̀wé nípa DDT. Àwa náà mọ Gamalin 20, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó, tí àwọn kan sì ń dà sódò láti fi pa ẹja. Ìdílé oògùn kan náà ni òun àti DDT. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja wa ka Carson, kí ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ àti ẹni tí kò ráyè sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má kàn kọ pé nǹkan méjì jọra. Olóòtú jọ́nà ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò ni pé mo máa yọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ kúrò nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ìwé Amẹ́ríkà náà bá ṣì dúró bó ṣe wà, a jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn fi ìlú wa ṣe ọ̀ṣọ́. Ìlú yín gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn nínú ìwé náà tí ẹlòmíràn kò rí.

Bí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ fi han olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan, kí ẹ sì fi han onímọ̀ ilẹ̀ tàbí irúgbìn kan. LAUTECH ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìdáàbòbò irúgbìn àti àyíká. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹni tó bá máa kọ̀wé nípa oògùn oko gbọ́dọ̀ mọ bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìwé wà

Èyí kò le bí a ṣe rò. Ìwé Amẹ́ríkà tó ti pẹ́ bíi ti Thoreau àti Bowen kò ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí mọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà ní Project Gutenberg tàbí Internet Archive. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ inú àwọn jọ́nà jọ sí, lè ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. *Ecozon@*, jọ́nà kan láti Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ kọ íméèlì kúkúrú sí ẹni tó kọ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Nílé, ilé ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898 ní ilé ìkàwé tó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí Bowen àti Clarke yà wò. Ní Ìbàdàn, ilé ìkàwé Kenneth Dike àti ibi ìkó-ìwé-ìtàn-pamọ́-sí ti ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà UI kan náà, ẹ lè yà ní méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi máa kọ̀wé níbẹ̀, kì í ṣe bírò, nítorí ìwé àtijọ́ kò fẹ́ àbàwọ́n.

Ẹ fi Zotero sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí, kì í ṣe nígbà tí tíẹ́sìsì bá fẹ́ parí. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń bá yín tọ́jú orúkọ ìwé, ọdún àti ojú ewé. Bí iná bá dé lóru, ẹ fi dátà òru wa ìwé sílẹ̀, kí ẹ sì fi iṣẹ́ yín sí ibi méjì ó kéré tán: orí íméèlì yín àti orí fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ láàárín tíẹ́sìsì ti dá ọdún ọ̀pọ̀ ènìyàn padà.

Oyè, alábòójútó àti ipò

Ipò olùkọ́ yunifásítì lọ́dọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Graduate Assistant, ó bọ́ sí Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, kó tó kan Reader àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó ní first class tàbí second class upper ni wọ́n sábà máa ń mú fún Graduate Assistant. Pẹ̀lú oyè Másítà, ẹ ń wo Assistant Lecturer, Ph.D. ló ń gbé ènìyàn dé Lecturer II. Ẹni tí kò bá ní Ph.D. kò ní lè lọ jìnnà mọ́, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí owó oṣù àkọ́kọ́ mú yín gbàgbé rẹ̀.

Fún Másítà, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlọrin súnmọ́ wa. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa lọ, ẹ ka tíẹ́sìsì àwọn ọmọ tí alábòójútó tí ẹ ń wò ti kọ́ jáde, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó dá iṣẹ́ wọn padà. Mo gbà pé alábòójútó tó ń ka iṣẹ́ yín láàárín oṣù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Áfíríkà nìkan ló mọ̀, sàn ju ògbóǹkangí lórí Amẹ́ríkà tí ẹ máa fi oṣù mẹ́fà wá kiri. Ìmọ̀ Amẹ́ríkà tí kò ní, ẹ lè rí i lọ́dọ̀ alábòójútó kejì tàbí nínú ìwé.

Lórí owó: TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń san owó fún ìwádìí àti fún olùkọ́ tó fẹ́ lọ gba oyè sí i, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni. Olùkọ́ LAUTECH lè béèrè. Ti Àjàyí Crowther, tó jẹ́ ti ìjọ, kò lè béèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wá iṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí TETFund wà ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ń gba ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í ṣe nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ń sáré.

Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́

Orí kan nínú tíẹ́sìsì Másítà yín lè di àpilẹ̀kọ, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wà. Tíẹ́sìsì ń fi hàn pé ẹ ti kàwé. Àpilẹ̀kọ ń sọ ohun kan. Ẹ gé àtúnyẹ̀wò ìwé tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ kù, kó má ju ojú ewé méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ sọ hàn kó tó di òpin ìpínrọ̀ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé náà, kí ẹ tú wọn palẹ̀ gbólóhùn sí gbólóhùn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ka ìtẹ̀jáde mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú jọ́nà náà. Ṣé wọ́n ń tẹ irú iṣẹ́ yín? Àpilẹ̀kọ mélòó ni wọ́n ti tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ tó jọ tiyín? Ẹ gbọ́dọ̀ bá wọn fèsì. Ẹ má san owó fún jọ́nà tó ṣèlérí pé òun máa tẹ iṣẹ́ yín jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó kà á níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìgbéga tó bá mọṣẹ́ sì máa mọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìgbìmọ̀ wa máa ń ka iye àpilẹ̀kọ, ìyẹn sì ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ sáré. Ẹ fi díẹ̀ sí àwọn jọ́nà ilé tó dára kí iye náà lè pé, ṣùgbọ́n ẹ pa èyí tó jinlẹ̀ jù mọ́ fún ibi tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ náà ti ń kà á.

Èsì àwọn tó yẹ iṣẹ́ yín wò máa dun yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe kí ẹ sì dá a padà, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí ìwé kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú wọn, ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́tà yẹn ni olóòtú máa kọ́kọ́ kà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ ọ̀nà. Ètò Ph.D. nínú Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà lè gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń yọ̀ǹda owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á tún san owó díẹ̀ lóṣù fún ẹni tó bá ń bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní bí a ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ. Ibi tí wọn kò bá ti ṣèlérí owó, ẹ má lọ. Mo sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́, nítorí mo mọ ẹrù tí gbèsè owó dọ́là ń dì lé ìdílé lórí.

Yunifásítì Nevada ní Reno, níbi tí Glotfelty ti kọ́ni, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Oregon ní ètò Ph.D. tó so ìmọ̀ àyíká pọ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn bíi Gẹ̀ẹ́sì. Wisconsin ní Madison ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, ó sì ní ilé ìwádìí àyíká tó lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ ka Bowen kò ní ṣàìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ètò ọdún náà máa ń lọ báyìí. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ẹ yan ilé ẹ̀kọ́ tí kò ju mẹ́fà lọ, kí ẹ sì kọ̀wé sí olùkọ́ kan ní ìkọ̀ọ̀kan: ìpínrọ̀ méjì, ìbéèrè yín ní gbólóhùn kan, ohun tí ẹ kà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa transcript, nítorí òun ló ń pẹ́ jù. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹ fún àwọn tó máa kọ ọ́ ní iṣẹ́ yín àti ọjọ́ tí yóò parí ní oṣù méjì ṣáájú, ẹ máa rán wọn létí bí ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ṣe ń rán àgbà létí. Oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń dáwọ́ gbígba ìwé ìforúkọsílẹ̀ dúró. Bí owó ìforúkọsílẹ̀ bá wọ́n, ẹ kọ̀wé béèrè kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe é. 15 oṣù kẹrin ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní pẹ́ jù láti fèsì sí ẹni tó bá fún un lówó.

Nínú àlàyé ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ẹ ṣe nífẹ̀ẹ́ ìwé láti kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yín. Orí àpilẹ̀kọ yín tó dára jù ni kí ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní ẹ̀ka kan, FLTA, tó ń mú àwọn olùkọ́ wa lọ kọ́ni ní Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò fúnni lóyè, ṣùgbọ́n ó ń fún ènìyàn ní ilé ìkàwé, ojúlùmọ̀ àti àyè láti jókòó sí kíláàsì. Fún ẹni tó ti wà lẹ́nu Ph.D. nílé, ó dára gan-an. Ẹ mọ̀ pé físà irú ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó rẹ̀ máa ń béèrè pé kí ènìyàn padà wá gbé ilé fún ọdún méjì kó tó lè béèrè ìwé ìgbélùú tàbí físà iṣẹ́ kan níbẹ̀.

Láti 2025 ni Amẹ́ríkà ti ń mú òfin físà le fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ka ojú ìwé ẹ́ḿbásì fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ san owó, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é. EducationUSA, tí ìjọba wọn dá sílẹ̀, ń gbani nímọ̀ràn ní Èkó àti Àbújá. Bí físà bá sì dí yín lọ́wọ́ lọ́dún kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà bóyá wọ́n lè tọ́jú àyè yín di ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ béèrè kó tó di pé ìgbà ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ti ń kọ́ni nílé gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kàwé (study leave) kó tó lọ. Ẹ béèrè fún un nígbà tí lẹ́tà ìgbanisílé-ẹ̀kọ́ bá dé, ẹ má dúró de físà, nítorí ìwé náà ní láti ti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ máa padà wá sìn wọ́n fún iye ọdún kan, ẹ kà á tán, ẹ fi han ẹni tó mọ òfin, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oyè náà bá pẹ́ ju iye ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé nílé.